Ọ̀pá Mi Nìkan Ni Òfin Mọ̀

Àìkú, 15 Júùnù 2008

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kó má bàa di pé tó bá di lọ́la, èmi fúnra mi á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò kúkú burú tó bẹ́ẹ̀.

Fẹ́rànmí yege ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ṣèlérí fún un pé tó bá yege, èmi àti òun nìkan la máa lọ jẹun níta, Daddy ẹ̀ ò ní tẹ̀ lé wa. Nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a gba ọ̀nà ilé oúnjẹ tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo ní Kẹ́tu. Léèsì aláwọ̀ ọsàn ni mo wọ̀. Mo de irin ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo mú ọ̀pá abẹ́ abíyá mi méjèèjì. Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo gun gbogbo ẹ̀. Ìgbà tí mo dé òkè ni sìkiọ́rítì na ọwọ́ dí ilẹ̀kùn.

"Mama, we no dey allow begging for here."

Mo ní mi ò wá tọrọ nǹkan, mo wá jẹun ni. Ó ní kí n lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ géètì, wọ́n máa ń kó àjẹkù jáde tó bá di ìrọ̀lẹ́. Mo ní kó lọ pe ọ̀gá ẹ̀ wá. Mo gbé ọ̀pá ọ̀tún síwájú, ó di ọ̀pá náà mú, ó fà á yọ lábẹ́ abíyá mi. Bí kì í bá ṣe pé mo fara ti ògiri, orí ni ǹ bá fi délẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn yẹn.

Máníjà jáde, ọ̀dọ́kùnrin kan tó de táì, wọ́n kọ Charles sí àyà ẹ̀. Mo rò pé ó máa bẹ̀ mí. Ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ jẹ́léósinmi sọ̀rọ̀ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. "Mummy, ẹ má bínú. Àwọn kọ́sítọ́mà ń jẹun nínú ilé. Ẹ jẹ́ kó yé yín." Mo ní kí ló máa yé mi? Ó wọlé, ó gbé ọ̀rá funfun kan jáde: míìtì-páì méjì àti mínírà kan. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ó fi lé Fẹ́rànmí lọ́wọ́.

Ọ̀fẹ́.

Ọmọ náà gbà á. Kí ni ọmọ ọdún mọ́kànlá fẹ́ ṣe? Nínú takisí tó gbé wa padà sí Ìkòsì, kò wo ojú mi rárá. Mo ní kó ju ọ̀rá náà sí ìta. Ó jù ú.

Ajé, 16 Júùnù

Bánjí ọkọ mi ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ dé láti Owódé Onírin, ọwọ́ ẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ń tà. Ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó ní kí n fi ìjà f'Ọ́lọ́run jà. Mo ní Ọlọ́run kọ́ ló dí ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ló wá sọ? Ó lọ fọ ọwọ́ ẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí àwọn èèyàn ti ń wá sí business centre mi pé kí n bá wọn tẹ ẹ̀sùn: ẹni tí onílé lé jáde, ẹni tí ọ̀gá ẹ̀ ò sanwó fún. Lónìí ni mo tẹ tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́. Ajarat tó ń ta pírófísọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ka èyí àkọ́kọ́, ó ní, "Aunty, bébà yìí gbóná. Wọn ò ní lè fọwọ́ mú un." Mo tún un tẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni mo béèrè: kí wọ́n kọ̀wé tọrọ àforíjì, kí wọ́n pàṣẹ fún sìkiọ́rítì wọn pé kó má dá ẹnikẹ́ni tó wá jẹun dúró mọ́, kí wọ́n ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn yẹn. Mo fi ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́ wọn.

Ọjọ́bọ̀, 26 Júùnù

Wọn ò fèsì. Òjò látàárọ̀. Dérìká ìrẹsì ti fẹ́ di igba náírà, gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ ọ́ bíi pé èmi ni mo fi owó lé e.

Ọjọ́bọ̀, 3 Júláì

Mo lọ sí Ọ̀jọ́ta lọ bá Lọ́yà Judith. Ajarat ló júwe ẹ̀ fún mi. Ọmọ Ẹdó ni, Ọ̀jọ́ta ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹ̀ já gaara ju tèmi lọ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni ọ́fíìsì ẹ̀ wà. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ wá, inú mọ́tò ẹ̀ la jókòó sí, ó gbé ìwé òfin orílẹ̀-èdè lé itan.

Ó ní, "Aunty Motúnráyọ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Abala kejìlélógójì ló ní wọn ò gbọ́dọ̀ ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀. Ó wá ka nǹkan tí wọn ò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ ṣe é: ẹ̀yà èèyàn, ibi tó ti wá, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹ̀sìn ẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó mẹ́nu ba bí wọ́n ṣe bí èèyàn."

"Wọn ò bí mi báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí rọpárọsẹ̀ ṣe mí."

Ó mi orí. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, ìjọba ni abala yẹn ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ń ta míìtì-páì. Ó ní àbá òfin kan wà ní Abuja nítorí àwa aláàbọ̀ ara, àmọ́ àbá ṣì ni. Mo bi í láti ìgbà wo. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀."

Ó wá bi mí pé, "Ṣé wọ́n fọwọ́ kàn yín?"

Mo sọ ti ọ̀pá fún un. Ojú ẹ̀ là. Ó ní ìyẹn ṣeé gbé lọ sí kóòtù: wọ́n fipá fọwọ́ kàn mí, wọ́n sì gba ohun ìní mi lọ́wọ́ mi. Ó ní a tún lè fi kún un pé wọ́n bà mí lórúkọ jẹ́, torí wọ́n pè mí ní alágbe lójú àwùjọ.

Inú bí mi débi pé ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu mi. Ká ní sìkiọ́rítì yẹn ò fa ọ̀pá, ká ní ó kàn dúró síbẹ̀ tó ń lé mi bí ajá, kò sí nǹkan tí òfin ilẹ̀ yìí máa sọ.

Ìṣẹ́gun, 8 Júláì

Ọkùnrin kan máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Kẹ́tu, orí pákó tí wọ́n kan táyà kéékèèké mọ́ ló wà. Mo máa ń fún un ní nǹkan tí mo bá ń kọjá. Lónìí ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí n dúró. Ajarat ti ròyìn mi dé gbogbo Kẹ́tu.

Ó ní, "Ìyá Fẹ́rànmí, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ pe àwọn olóúnjẹ yẹn lẹ́jọ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Torí pé wọ́n pè yín ní alágbe."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi tí mo jẹ́ alágbe lóòótọ́ ńkọ́? Tí mo bá mú owó ìrẹsì lọ́wọ́, ṣé kí n wọlé, àbí kí n má wọlé?"

Ó wò mí, kò bínú, ó kàn ń retí ohun tí mo máa sọ. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin yìí kọjá, mi ò bèèrè orúkọ ẹ̀ rí. Enoch ni orúkọ ẹ̀.

Mo pe Judith. Mo ní kó yọ ti ìbanilórúkọjẹ́ kúrò nínú ẹ̀sùn náà. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni owó wà. Mo ní kó yọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 15 Júláì

Sìkiọ́rítì yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Mi ò tètè dá a mọ̀ torí kò wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ìgbà tó sọ pé "Madam, good afternoon" ni mo mọ ohùn. Mo di ọ̀pá mi méjèèjì mú. Ajarat ti dìde níta, ó ti mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Felix ni ó ń jẹ́. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì tí lẹ́tà Judith dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní òun ló dá ìwà yẹn hù, pé iléeṣẹ́ ò rán an níṣẹ́. Ó yọ ìwé kan nínú ọ̀rá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi. Inú ahéré sìkiọ́rítì ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọlé ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìlà márùn-ún: akiri-ọjà, alágbe, wèrè, arọ, ọmọ ìta. Charles buwọ́ lù ú nísàlẹ̀.

Ìlà kẹrin ni wọ́n to èmi sí. Wèrè ló wà lókè mi, ọmọ ìta ló wà nísàlẹ̀.

Mo ní, "Felix, o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́jọ́ yẹn."

Ó ní, "I know, Madam. I get two pikin for Otukpo. If I no pursue you, na me dem go pursue. Now dem don pursue the two of us."

Mi ò sọ fún un pé mo ti dárí jì í, torí mi ò tíì dárí jì í. Mo ní kó jókòó. Mo ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé náà lọ́nà márùn-ún, mo fi ojúlówó ẹ̀ sínú Bíbélì. Ó ní òun máa jẹ́rìí.

Ọjọ́bọ̀, 24 Júláì

Àlejò. Charles àti obìnrin kan láti olú iléeṣẹ́ wọn tó ń jẹ́ Folúkẹ́, lọ́fínńdà ẹ̀ ti wọ pálọ̀ kí òun fúnra ẹ̀ tó wọlé. Obìnrin náà kúnlẹ̀, Charles dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí wa dáadáa. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí ní ìtùnbí-ìnùbí.

Ohun tí wọ́n gbé wá ni pé wọ́n máa fún mi ní kẹ̀kẹ́ arọ tuntun kan lọ́fẹ̀ẹ́, níwájú ilé oúnjẹ náà, àwọn oníwèé ìròyìn máa wá ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà èmi máa fọwọ́ sí ìwé kan pé mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Mo ní mi ò lo kẹ̀kẹ́ rí láyé mi. Folúkẹ́ ní, "Aunty, ó máa jẹ́ kí iléeṣẹ́ náà ní image tó dáa. Ó máa dáa fún gbogbo wa."

Mo wo Bánjí. Mo rò pé ó máa ní ká gbà á, torí láti oṣù tó kọjá ló ti ń sọ pé ẹjọ́ ò dáa. Ó da ojú kọ obìnrin náà.

"Níjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò yẹn, ibo ni ìyàwó mi máa gbà wọlé?"

Charles ní, "Ah, Daddy, àwọn ọmọ wa máa gbé wọn gòkè."

Bánjí dìde, ó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n jáde, lọ́fínńdà wọn ò jáde títí a fi jẹun tán.

Ìṣẹ́gun, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní kóòtù. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọn ò jẹ́ kó wọlé, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà. Àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún, kò ní irin ìdìmú. Akọ̀wé ibẹ̀ ní àwọn ọlọ́pàá méjì lè gbé mi, ó ní wọ́n ṣì gbé ìyá àgbà kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe mí lóore.

Mo kó ọ̀pá mi fún Judith. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, mo kẹ̀yìn sókè, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti ara mi gun ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gun gbogbo ẹ̀, ní ìdí. Síkẹ́ẹ̀tì mi gbá gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Lọ́yà iléeṣẹ́ náà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá pẹ̀lú fáìlì ẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ma." Bánjí dúró nísàlẹ̀, ó dojú kọ ògiri.

Nígbà tí mo máa fi dókè, wọ́n ti pe ẹjọ́ wa, wọ́n ti sún un sí oṣù tó ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 6 Ọ́gọ́ọ̀sì

Èjìká. Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ìṣẹ́gun, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Judith ti kọ̀wé sí kóòtù nítorí àtẹ̀gùn yẹn. Lónìí, majísíréètì sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀. Obìnrin ni, ó ga, gíláàsì wà lójú ẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ wa, ẹni tí kò rí àyè dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo fi ẹsẹ̀ mi wọlé. Mo fi ẹsẹ̀ mi jáde.

Felix jẹ́rìí, ó gbé ìwé ìlà márùn-ún yẹn kalẹ̀. Lọ́yà wọn ní ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ ni, pé inú ló ń bí i, pé ó lè lọ tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbikíbi. Ó wá wò mí, ó ní, "Pàápàá tó bá mọ ẹni tó ní business centre." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ká ní ọ̀pá mi gùn sí i ni.

Ajé, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Fẹ́rànmí wọ sẹ́kọ́ńdìrì lónìí. Mo ti lọ yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ láti àná, mo ti de irin ẹsẹ̀ mi láti agogo mẹ́fà àárọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì wà léjìká ẹ̀, ó ń wo bàtà ẹ̀.

"Mummy, kí Daddy mú mi lọ."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí. Mo ní ó dáa.

Mo tú irin náà.

Àbámẹ́ta, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Judith wá sílé. Ó ní a nílò ẹlẹ́rìí mìíràn, ẹni tí kò bá iléeṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú mi. Mo ní rárá. Mo ní kò sí ọmọ mi tó máa dúró níwájú kóòtù kí lọ́yà onífáìlì yẹn máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Fẹ́rànmí jáde láti ilé ìdáná, omi ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní òun máa lọ.

Ìṣẹ́gun, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Fẹ́rànmí jẹ́rìí. Mi ò lè kọ ọ́ lónìí.

Ọjọ́rú, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó sọ gbogbo ẹ̀ dáadáa. Bí a ṣe dé ibẹ̀, bí ọkùnrin náà ṣe na ọwọ́, bó ṣe fa ọ̀pá. Majísíréètì mi orí sí i bí ó ti ń sọ ọ́. Lọ́yà wọn wá dìde, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

"Fẹ́rànmí, nígbà tí mummy rẹ ń bá máníjà jiyàn, ǹjẹ́ ọkùnrin sìkiọ́rítì yẹn bi ọ́ ní nǹkan kan?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló bi ọ́?"

"Ó ní ṣé mummy mi nìyẹn."

"Kí lo sọ?"

Kò dáhùn. Lọ́yà náà tún un bi. Majísíréètì ní tí kò bá fẹ́ dáhùn kó mu omi díẹ̀. Kò mu omi.

"Mo ní mi ò mọ̀ wọ́n."

"Kí ló dé tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn èèyàn ń wò wá."

Lọ́yà náà yíjú sí majísíréètì. Ó ní ṣé wọ́n rí i, bí ọmọ ẹ̀ gan-an bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, báwo ni sìkiọ́rítì ṣe fẹ́ mọ̀ pé kọ́sítọ́mà ni? Ó jókòó. Ó to bébà ẹ̀ jọ. Mi ò kórìíra èèyàn rí bí mo ṣe kórìíra ọkùnrin yẹn bó ṣe ń to bébà ẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti kúrò ní kóòtù ni ọmọ náà ò ti jẹun. Lónìí, nígbà tó dé láti ilé ìwé, mo pè é jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún un. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní Abẹ́òkúta, bàbá mi máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ gbé mi bọ̀ láti ilé ìwé, wọ́n á so mí mọ́ ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú ọ̀já bí ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kan àwọn ọ̀rẹ́ mi wà nítòsí nígbà tí bàbá mi dé. Mo sá pamọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n pè mí títí, wọ́n gbé ọ̀já wọn, wọ́n wa kẹ̀kẹ́ wọn lọ. Mo fi ọ̀pá rìn délé, ilẹ̀ ti ṣú. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan títí wọ́n fi kú.

Fẹ́rànmí sunkún. Mo ní kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹ̀. Ta ló kọ́ ọ pé ìtìjú ni mo jẹ́? Èmi kọ́. Bánjí kọ́. Àwọn tí wọ́n fi wá sí ìlà kẹrin ló kọ́ ọ, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n sì fi kọ́ ọ.

Ẹtì, 26 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ó bá mi de irin ẹsẹ̀ òsì láàárọ̀ yìí. Ó dè é le jù. Mi ò tú u.

Ẹtì, 10 Ọkitóbà

Ọkùnrin kan tó ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìkòsì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ kí n bá òun tẹ àkọlé kan, kí n láminéètì ẹ̀: RIGHT OF ADMISSION RESERVED. Mo bi í pé ta ni kò fẹ́ kó wọlé. Ó ya á lẹ́nu. Ó ní kò sí ẹnì kankan, pé gbogbo èèyàn ló ń lẹ̀ ẹ́. Mo ní òun gan-an, ta ló wà lọ́kàn ẹ̀? Ó ronú, ó ní àwọn obìnrin tó máa ń dá wá láìsí ọkùnrin.

Mo ní ẹ̀rọ mi bàjẹ́. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó bú mi, ó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní òdìkejì títì. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi gbé àkọlé ẹ̀ kọjá níwájú mi, ó gbé e sókè kí n lè rí i dáadáa.

Ìṣẹ́gun, 4 Nofẹ́ńbà

Ìdájọ́.

Majísíréètì ní òun gbà pé wọ́n fa ọ̀pá mi, òun sì gbà pé Felix kò dá a ṣe, pé ìwé ìlà márùn-ún yẹn ló rán an níṣẹ́. Ó ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ọ̀pá. Bánjí ti ń di ọwọ́ mi mú. Obìnrin náà wá yọ gíláàsì ẹ̀.

Ó ní, "Ní ti pé wọn ò jẹ́ kí olùpẹ̀jọ́ wọlé, mo ti wá inú òfin tó wà níwájú mi. Mi ò rí èyí tó ní ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò lè yan ẹni tó máa tà fún. Mi ò sọ pé ó dára. Nǹkan tí kò dára pọ̀ tí òfin ò tíì dé ibẹ̀. Kóòtù kì í ṣòfin."

Ó wò mí nígbà tó sọ ọ́. Ó jọ pé ojú ń tì í. Kí ni mo fẹ́ fi ojútì ẹ̀ ṣe?

Níta, Judith ń dì mọ́ mi, ó ní a borí, pé oṣù mẹ́rin péré, pé irú ẹ̀ kì í tètè yá báyìí. Felix ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín torí wọ́n ṣiṣẹ́. Àmọ́ mo fẹ́ kọ òótọ́ síbí: ọ̀pá mi nìkan ni òfin mọ̀. Ó rí igi, ó ní ẹ má fà á. Kò rí èmi tí mo fara ti igi náà.

Ajé, 17 Nofẹ́ńbà

Lẹ́tà wọn dé. Ìlà méjì. Wọ́n ní àwọn kẹ́dùn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí "ohun ìrìn" mi. Bánjí kà á sókè, ó ní, "Wọ́n ní ká bá àwọn kí ọ̀pá." Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn mi fi dùn mí, n kò sì mọ ìgbà tó di ẹkún.

Enoch lọ sí ilé oúnjẹ náà ní Satidé, ó mú owó ìrẹsì lọ́wọ́. Sìkiọ́rítì tuntun ò lé e. Ó ní kó dúró nísàlẹ̀, wọ́n gbé ìrẹsì náà wá bá a nídìí àtẹ̀gùn, wọ́n sì fún un ní ṣéǹjì ẹ̀. Ó ní ìrẹsì náà ò dùn tó ti Mile 12. Wọn ò tíì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan.

Àbámẹ́ta, 22 Nofẹ́ńbà

Ọ̀sán. Mo ń bá Fẹ́rànmí wo iṣẹ́ àmúrelé ẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Ọkùnrin kan ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ń jẹ́ Elkanah, Ìṣẹ́rí Olówórá ló ń gbé, kẹ̀kẹ́ arọ ló fi ń rìn. Judith ló fún un ní nọ́ńbà mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ gáfárà pé òun ń yọ mí lẹ́nu. Mo ní kó sọ̀rọ̀.

Ó ní àbúrò òun ṣe ìgbéyàwó lánàá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Wọn ò jẹ́ kí òun wọ inú gbọ̀ngàn. Wọ́n ní táyà kẹ̀kẹ́ òun máa ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́. Inú mọ́tò lòun wà títí wọ́n fi ṣe é tán.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé wọ́n fọwọ́ kàn yín? Ṣé wọ́n fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ náà?"

Ó ní rárá. Ó ní wọn ò tiẹ̀ sún mọ́ òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí òun, wọ́n ní kí òun má bínú.

Mo mọ ohun tí Judith máa sọ. Mo mọ abala tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Aunty, ṣé ẹ ṣì wà lórí fóònù?"

Mo ní mo wà níbẹ̀. Fẹ́rànmí ti pa ìwé tiẹ̀ dé, ó ti ṣí ojú ewé tuntun fún mi. Mo ní kí ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kó sọ orúkọ ẹni tó bá mọ̀, kó sọ ohun tí olúkúlùkù wọn wí, kó má fo ìkankan.

Ó ń sọ ọ́. Mo ń kọ ọ́.